Èsì: Ṣé èdè Lithuania bá Lárúbáwá tan?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ fẹ́ mọ èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ kọ́ nínú méjèèjì, ẹ sì ní nígbà tí èdè méjèèjì ń yí ìparí ọ̀rọ̀ orúkọ padà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe nínú gbólóhùn, ṣé wọn ò bára tan ni? Rárá o. Inú ẹbí tí Gẹ̀ẹ́sì, Rọ́ṣíà àti Híńdì wà ni Lithuania wà. Hébérù ni Lárúbáwá bá tan.

Ìyípadà ìparí yẹn gan-an kò dọ́gba. Oríṣi méje ni Lithuania ní. Mẹ́ta péré ni ti Lárúbáwá inú ìwé, àwọn tó ń sọ ọ́ nílé ní Káírò sì ti pa á tì.

Ibi tí Lárúbáwá ti wù mí jù ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ mú kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta, k-t-b: kataba ni "ó kọ̀wé", kitāb ni ìwé, kātib ni akọ̀wé, maktab ni ọ́fíìsì. Àárín ọ̀rọ̀ ni fáwẹ̀lì ti ń yí. Ní Lithuania, iwájú àti ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni wọ́n sábà máa ń lẹ nǹkan mọ́: rašyti ni kíkọ, parašyti ni kíkọ parí.

Lẹ́tà Látìn ni Lithuania fi ń kọ èdè rẹ̀, ìyà sì jẹ wọ́n lórí rẹ̀. Láti 1864 sí 1904 ni ìjọba ọba Rọ́ṣíà, tó ń ṣàkóso wọn nígbà náà, fi òfin de títẹ ìwé Lithuania ní lẹ́tà Látìn; àwọn ènìyàn ń gbé ìwé gba ẹnu ibodè Prussia, ilẹ̀ Jámánì tó bá wọn pààlà, wọlé ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà kan rí tó ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ̀wé, àwọn Mùsùlùmí Tàtárì, àmọ́ èdè Belarus àti Pólándì ni wọ́n ń kọ.

Bí ẹ bá ti lọ ilé kéú rí, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Lárúbáwá, ẹ ti mọ lẹ́tà rẹ̀ ná.