Àpò omi aràn nínú ọpọlọ ọmọdé: kí ló dé tí wọn kì í fi abẹ́rẹ́ fà á?

ÌBÉÈRÈ: Orí ń fọ́ ọmọ mi, ọmọ ọdún 8, ó sì máa ń bì láàárọ̀. Síkáànì fi hàn pé àpò omi tí aràn ajá fà wà nínú ọpọlọ rẹ̀, ó tó ọsàn. Wọ́n ní àwọn máa ṣí agbárí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọn ò lè kàn fi abẹ́rẹ́ fa omi náà ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Rárá o, ẹ má gbà kí wọ́n gún un. Omi yẹn mọ́ gaara lójú, ṣùgbọ́n ọmọ aràn wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀. Bó bá jò, ibi tí wọ́n bá balẹ̀ sí lè di àpò tuntun. Ara ọmọ sì lè kọ omi náà lójijì, kí ìfúnpá rẹ̀ já wálẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ adrenaline, oògùn tó ń gbé ìfúnpá padà sókè, fi máa ń wà nítòsí.

Ńṣe ni wọ́n ń mú àpò náà jáde lódidi, bí ẹni ń gbẹ̀bí ọmọ. Ọgbọ́n tí oníṣẹ́ abẹ kan, Dowling, gbé jáde ní 1929 la ṣì ń lò. Wọ́n á ṣí eegun orí gbòòrò, wọ́n á rọra ṣe é, torí àpò náà lè ti ti eegun náà títí tó fi fẹ́lẹ́. Wọ́n á la ojú ọpọlọ níbi tó ti fẹ́lẹ́ jù. Ojú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀, nítorí ojú tóóró ló ń fún àpò bẹ́. Ara àpò funfun, ó rọ̀ bí ẹyin sísè, iná tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró ò sì gbọdọ̀ kàn án. Wọ́n á ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín àpò àti ọpọlọ, wọ́n á máa fi síríńjì ti omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, káàkiri. Wọ́n á dẹ orí tábìlì sílẹ̀, omi á máa tì í, àpò á fúnra rẹ̀ yọ jáde bọ́ sínú abọ́. Sùúrù ló ń ṣe é, kì í ṣe agbára. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi omi iyọ̀ kún ojú ihò, kí ọpọlọ má bàa rọ̀ wálẹ̀ kó fa ẹ̀jẹ̀.

Albendazole, oògùn aràn, ló kàn: míligíráàmù 15 fún kílò kan lójúmọ́, ní ìdá méjì, kó má kọjá 800. Ọmọ kílò 20 á lo 150 láàárọ̀, 150 lálẹ́, pẹ̀lú oúnjẹ tó lọ́ràá. Wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò. Ẹ má fún un ṣáájú iṣẹ́ abẹ láìgbàṣẹ, ó lè sọ ara àpò di ẹlẹgẹ́. Bó bá ń lo oògùn gìrì, ẹ má dá a dúró lójijì.

Kí wọ́n tó ṣí orí rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ya àwòrán ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, nítorí aràn yìí sábà máa ń sá pamọ́ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ tó ń bá ajá kan náà ṣeré wò pẹ̀lú.