Klarinẹ́ẹ̀tì Mi Kò Dún Nísàlẹ̀ Mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Klarinẹ́ẹ̀tì onígi tí mo ń fọn ní báǹdì ìjọ wa ní Mọ̀pà ti ń dà mí láàmú láti ìgbà ọyẹ́. Ohùn ọwọ́ òsì ń jáde dáadáa, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ọ̀tún bá ti dá sí i, á há tàbí kó han gooro. Mo pààrọ̀ rìídì (ewé tẹ́ẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀ tó ń gbọ̀n) lẹ́ẹ̀mejì, ibi tó wà náà ló wà. Kíì kan (irin tí ìka ń tẹ̀) tún wà tí kì í tètè padà sípò. Ṣé kí n gbé e lọ fún wẹ́dà ní Kàbbà ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, òkun o. Jọ̀ọ́, má gbé e dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà. Afẹ́fẹ́ ló ń jò. Ohùn ìsàlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fi í hàn, torí gbogbo ihò ló gbọ́dọ̀ dí kí wọ́n tó jáde, ṣùgbọ́n ibi tó ń jò gan-an lè wà lókè pátápátá. Má tú súkúrù kankan títí wàá fi mọ ibẹ̀.

Yọ apá òkè kúrò lára apá ìsàlẹ̀. Mú apá òkè, fi ìka ọwọ́ òsì àti àtàǹpàkò dí àwọn ihò rẹ̀, fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún dí ìdí rẹ̀, kó o wá fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ láti òkè. Bí kò bá jò, yóò lẹ̀ mọ́ ètè rẹ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bó bá jò, kọ́kọ́ wo kíì ohùn A àti ti ohùn G sharp. Súkúrù kékeré kan wà lórí kíì A tó dojú kọ G sharp. Bí wọ́n bá ti yí i wọlé jù, á máa gbé páàdì G sharp (tìmùtìmù kékeré abẹ́ kíì tó ń dí ihò) sókè díẹ̀ tí ojú kò rí, gbogbo ohùn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á sì bàjẹ́. Rọra tẹ kíì A: ó yẹ kó kọ́kọ́ mì bíńtín kí G sharp tó gbéra. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yí súkúrù náà padà sẹ́yìn ní ìdá mẹ́rin ìyípo. Ọ̀fẹ́ ni.

Apá ìsàlẹ̀ náà ńkọ́? Dí ihò rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tẹ kíì ohùn E ìsàlẹ̀ pátápátá, èyí tó máa ń pa páàdì ńlá méjèèjì dé pọ̀, dí ìdí rẹ̀, kó o fà á bákan náà. Bí ọ̀kan nínú páàdì ńlá yẹn bá ń dé ṣáájú èkejì, kọ́ọ̀kì (èèpo igi rírọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin) tó wà níbi tí kíì méjèèjì ti pàdé ló ti jẹ.

Ó wá lè jẹ́ pé apá méjèèjì kò jò bí wọ́n bá dá wà, àmọ́ tí o bá so wọ́n pọ̀, ohùn á tún há. Ibi afárá, ìyẹn irin kékeré tó so kíì òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, ni ọ̀ràn wà. Èyí wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó máa ń lọ́ klarinẹ́ẹ̀tì pọ̀ láìtẹ òrùka irin tó yí ihò òkè ká kí afárá lè gbéra. Tẹ òrùka ọwọ́ ọ̀tún kan, kó o máa wo páàdì méjèèjì tí afárá so pọ̀, ọ̀kan lápá òkè, ọ̀kan lápá ìsàlẹ̀. Bí ti òkè bá kọ́kọ́ dé, ti ìsàlẹ̀ kò ní lè dé tán, ohun tó ń ṣe ẹ́ gan-an nìyẹn. Fi sáńpépà fá kọ́ọ̀kì afárá náà díẹ̀díẹ̀, máa dán an wò. Bó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, ohùn B flat tí a ń fi ìka àkọ́kọ́ ọwọ́ méjèèjì fọn nìkan ni yóò dààmú rẹ. Kọ́ọ̀kì náà ló tín jù.

Láti mọ páàdì tó ń jò, gé bébà sìgá bíi mìlímítà márùn-ún ní fífẹ̀, fi sábẹ́ páàdì, pa á dé jẹ́jẹ́, kó o fà á. Ṣe é ní igun mẹ́rin. Ibi tí bébà ti yọ láìjà ni ihò.

Kíì tó lọ́ra: fi abẹ́rẹ́ kúróṣè tú sípíríǹgì rẹ̀ kúrò lẹ́nu ìkọ́, kó o gbé kíì náà sókè, kó o jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó bá ṣubú fúnra rẹ̀, sípíríǹgì ló ti rọ̀. Bó bá dúró, ọ̀pá inú rẹ̀ ló há. Ọyẹ́ máa ń gbẹ igi, òpó irin tó di ọ̀pá mú sì lè lọ́ díẹ̀. Fa ọ̀pá náà yọ, fi ẹ̀mú tí o fi aṣọ wé yí òpó náà padà sí ọ̀gangan, nu ọ̀pá mọ́, kó o fi orí abẹ́rẹ́ kán òróró maṣíìnì ìránṣọ kan ṣoṣo sí i. Òróró sísè kọ́ o, àbúrò, yóò dì bí oje.

Bí páàdì bá ti ya, yọ kíì rẹ̀ kúrò lára igi kó o tó fi iná kàn án, wọn inú àwo irin tí páàdì ń jókòó sí láti mọ ìwọ̀n tí wàá rà, kó o fi gọ́ọ̀mù tó ń yọ́ lẹ̀ ẹ́. Má fi súpà gúlù, torí páàdì gbọ́dọ̀ lè tẹ̀ sí ibi tí ihò bá tẹ̀ sí nígbà tó bá ṣì gbóná.