Ẹ Béèrè, A Fèsì: Mọ́tò Nínú Yìnyín Tahoe

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé ní Sacramento, ní California, ní ká wá ṣe Kérésì lọ́dọ̀ òun, ká sì jọ wa mọ́tò lọ sí Lake Tahoe, níbi tí wọ́n ti ń ṣe síkì, ìyẹn eré yíyọ̀ lórí yìnyín. Bàbá Ìbejì mọ ọ̀nà Abuja sí Jos dáadáa, àmọ́ kò wa mọ́tò nínú yìnyín rí. Ọmọ ọdún mẹ́fà làwọn ìbejì. Kí ló yẹ ká mọ̀?*
Ìyá Ìbejì, Kubwa, Abuja

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kí Bàbá Ìbejì má fi ọ̀nà Jos wọ̀n ọ́n. Jos ga tó nǹkan bíi mítà 1,200. Etí adágún Tahoe jẹ́ 1,897, ẹ ó sì ti kọ́kọ́ gun òkè tó jù bẹ́ẹ̀ lọ: Echo Summit lójú ọ̀nà 50 ga tó mítà 2,250. Òjò lásán tó ń rọ̀ ní Sacramento lè ti di yìnyín níbẹ̀. Bí ọ̀nà bá gbẹ, nǹkan bíi wákàtí méjì ni. Bí yìnyín bá ń bọ́, ó lè ju mẹ́rin lọ. Bí ìjì bá ń bọ̀, ẹ sún ìrìn àjò náà síwájú.

Ṣéènì táyà, ìyẹn ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń dè mọ́ táyà kó má baà yọ̀ lórí yìnyín, ló ń kó àlejò sí wàhálà jù. Caltrans, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀nà, máa ń gbé pátákó R1, R2 tàbí R3 síta, láti fi sọ bí òfin ṣéènì ṣe le tó; R1 ló rọ̀ jù. Bó bá ti di R2, gbogbo mọ́tò gbọ́dọ̀ de ṣéènì, àfi èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí táyà yìnyín sì wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyẹn náà gbọ́dọ̀ ní ṣéènì nínú bùútù. R3 kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Bó bá jẹ́ mọ́tò háyà lẹ fẹ́ lò, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kì í gbà kéèyàn de ṣéènì mọ́ táyà wọn.

Ṣéènì dà bíi bàtà, ó ní nọ́ńbà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ ó rí nǹkan bíi 215/60R16. Òun ni kẹ́ ẹ fi rà á. Ẹsẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí là ń dè é mọ́, ti iwájú sì ni nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré. Ẹ tẹ́ ẹ bo táyà, ẹ kọ́ ìkọ́ inú, lẹ́yìn náà ti ìta, kẹ́ ẹ wá fà á le. Ẹ rìn tó ọgọ́rùn-ún mítà, ẹ dúró, ẹ tún un fà. Bó bá dẹ̀, á máa na ara mọ́tò, ó sì lè gé páìpù bíréèkì. Eré kò gbọ́dọ̀ ju máìlì 30 ní wákàtí kan. Bẹ́ ẹ bá ti dé orí ọ̀dà gbígbẹ, ẹ tú u, kó má baà já. Ẹ fi dánra wò nílé àbúrò yín ṣáájú, torí ìka tó ti kú nínú òtútù kì í mọ ìkọ́ mú.

Ẹ jẹ́ kí àlàfo yín sí mọ́tò iwájú pọ̀ gan-an. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, jíà kékeré ni kó máa dá mọ́tò dúró. Bíréèkì òjijì ló ń mú un yọ̀. Orí afárá àti abẹ́ òjìji igi ni yìnyín tí ojú kì í rí máa ń wà.

Ẹ kó bùláńkẹ́ẹ̀tì, omi àti oúnjẹ dání, kí táǹkì sì kún. Bẹ́ ẹ bá há sójú ọ̀nà, ẹ kọ́kọ́ gbá yìnyín kúrò lẹ́nu páìpù èéfín kẹ́ ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì. Bó bá dí, èéfín á padà sínú mọ́tò; gáàsì olóró inú rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pani. Ẹ dákun, ẹ má fojú kéré èyí.

Òfin California ní kí àwọn ìbejì jókòó lẹ́yìn, lórí àga ọmọdé. Ẹ bọ́ kóòtù tó nípọn lọ́rùn wọn kẹ́ ẹ tó de bẹ́líìtì, torí kóòtù ń jẹ́ kó dẹ̀.

Ní ti síkì, ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ló ń wọ bàtà rẹ̀. Ẹ má wọ jíǹsì; bó bá ti tutù, òtútù á wọlé sára. Oòrùn tó ń ta lórí yìnyín ń jó awọ dúdú náà, ẹ kun ìpara.

*Ṣé lóòótọ́ ni pé adágún Tahoe yẹn kì í dì, pẹ̀lú gbogbo yìnyín tó yí i ká?*
Bàbá Ṣadé, Minna

Òótọ́ ni, Bàbá Ṣadé. Ó jìn tó mítà 501. Bí omi òkè bá ti tutù, á rì, èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nísàlẹ̀ á sì gòkè wá. Omi náà pọ̀ débi pé ìgbà òtútù á ti parí kí ooru inú rẹ̀ tó tán. Emerald Bay létí rẹ̀, tí kò jìn tó bẹ́ẹ̀, ti dì láwọn ọdún kan.