Má fi h-index nìkan yan alábòójútó

Àbúrò mi, o kọ ọ́ pé o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé nínú immunology, ìmọ̀ bí ara ṣe ń gbógun ti àrùn, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ọkàn rẹ fà sí, tó ń ṣiṣẹ́ lórí aràn inú àti àjẹsára àwọn ọmọdé, h-index rẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn bí àwọn olùwádìí ṣe ń tọ́ka sí pépà èèyàn, jẹ́ 11. Àwọn tí ẹ jọ parí másítà ní Ọ̀yọ́ ní kí o gbàgbé rẹ̀, kí o lọ bá ẹlòmíràn tí tirẹ̀ jẹ́ 38. O wá ń béèrè bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Mo ti bá wọn jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ pépà àwọn olùkọ́ yunifásítì wò fún ìgbéga, mo sì ti jìjàkadì fún àkọsílẹ̀ orúkọ tèmi gan-an. Lójú tèmi, kò tíì sí ohunkóhun nínú nọ́ńbà méjèèjì yẹn tó yẹ kó lé ọ kúrò lọ́dọ̀ ẹni 11.

Wo bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ ná. Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì kan ní yunifásítì Kalifọ́níà tó wà ní San Diego, ló mú un jáde ní 2005. Bí èèyàn bá ní pépà 11 tí wọ́n ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ìgbà 11, tí kò sì ní 12 tó tó ìgbà 12, 11 nìyẹn. Nítorí náà, kò lè ju iye pépà tí èèyàn kọ lọ láé, bẹ́ẹ̀ ni kì í lọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí. Àgbà tó ti fẹ̀yìn tì kò ní pàdánù nǹkan kan nínú tirẹ̀, ọ̀dọ́ tó sì kọ pépà kan ṣoṣo tí gbogbo ayé ń lò kò lè ní ju 1 lọ. Hirsch fúnra rẹ̀ dábàá nínú pépà yẹn kan náà pé kí wọ́n fi iye ọdún tí olùwádìí ti lò nídìí iṣẹ́ pín in. Ó tún sọ pé ti àwọn tó ń ṣèwádìí lórí ohun alààyè máa ń ga ju ti àwọn onífísíìsì lọ. Apá tó rọrùn nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ni àwọn èèyàn mú, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. O ò sọ ọdún mélòó tí ẹni 38 fi ṣáájú ẹni 11 dénú iṣẹ́. Wádìí ìyẹn kọ́kọ́.

Níbo ni wọ́n tilẹ̀ ti rí nọ́ńbà náà? Google Scholar, ẹ̀rọ tí Google fi ń wá pépà ìwádìí, máa ń ka gbogbo ohun tó bá bá pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì: pépà, ìwé àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́, ìwé ìpàdé àpérò, títí kan èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì yẹ̀ wò. Àwọn àkójọ pépà méjì mìíràn, Scopus tí ilé ìtẹ̀wé Elsevier bẹ̀rẹ̀ ní 2004, àti Web of Science tó ti inú iṣẹ́ Eugene Garfield lórí kíka ìtọ́kasí jáde, máa ń ṣa jọ́nà kí wọ́n tó kà á. Ọ̀pọ̀ jọ́nà Áfíríkà tí àwa ń kọ sí wà lórí AJOL, ìkànnì African Journals Online tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni kò sí ní Scopus. Ẹnì kan náà lè ní 11 níhìn-ín kó sì ní 6 lọ́hùn-ún. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá mú ti ọ̀kan láti Google Scholar, tí wọ́n mú ti èkejì láti Scopus, wọn ò tíì fi ẹnikẹ́ni wé ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló máa ń dùn mí jù, torí àwa gan-an ni ìyà rẹ̀ ń jẹ. Ro iye Adéyẹmí A. O. tó wà ní yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ẹ̀rọ Google Scholar á kó pépà wọn jọ sábẹ́ ẹnì kan bí onítọ̀hún kò bá jókòó yọ wọ́n kúrò. Nínú ìgbìmọ̀, mo ti rí ojú-ìwé onímọ̀ àjẹsára tí pépà lórí àgbàdo àti lórí owó báńkì wà nínú rẹ̀, onítọ̀hún ò sì mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí èmi. Orúkọ bàbá mi ni mo fi kọ àwọn pépà àkọ́kọ́, orúkọ ọkọ mi ló wà lára àwọn tó tẹ̀lé e, jọ́nà kan sì wà tó sọ Ọ inú orúkọ mi di àmì ìbéèrè. Lójú ẹ̀rọ, obìnrin mẹ́ta ni mí, kò sì sí èyí tó ní ohun tó jọjú nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. ORCID ni mo fi tò wọ́n pọ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oní-dígíìtì 16 tí wọ́n ti ń fún olùwádìí lọ́fẹ̀ẹ́ láti oṣù kẹwàá 2012, tí kì í yí padà bí orúkọ bá yí. Iṣẹ́ náà gba sùúrù gan-an, torí mo ní láti kọ̀wé sí jọ́nà lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tún orúkọ mi ṣe. Àwọn kan dá mi lóhùn, àwọn kan ò dáhùn títí dòní. Ìwọ náà, gba tìrẹ kí o tó fi pépà àkọ́kọ́ ránṣẹ́, kí o sì mú orúkọ kan tí wàá máa lò lọ, kódà bí o bá ṣe ìgbéyàwó.

Tó o bá ti mọ̀ pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló ni àwọn pépà tó wà lórúkọ rẹ̀ lóòótọ́, wo ibi tí orúkọ rẹ̀ wà lórí wọn. Nínú iṣẹ́ láàbù bíi tiwa, ẹni àkọ́kọ́ ló sábà máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, ẹni ìkẹyìn ni olórí láàbù. Àwọn àárín lè jẹ́ ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀, ẹni tó ṣe ìṣirò, tàbí ẹni tó yọ̀ǹda fírísà. Lọ wo àwọn pépà ńlá tí Global Burden of Disease, ìwádìí tó ń ka àrùn àti ikú kárí ayé, ń gbé jáde nínú jọ́nà ìṣègùn Lancet: ọgọ́rọ̀ọ̀rún olùkọ̀wé láti orílẹ̀-èdè káàkiri, ìtọ́kasí wọn sì ń lọ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Iṣẹ́ gidi ni, Nàìjíríà sì nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí orúkọ olùwádìí bá wà lórí bíi mélòó kan nínú wọn, h-index rẹ̀ á ròkè, kò sì túmọ̀ sí pé wàá rí ẹni tó máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ya sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ nígbà tó o bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìtọ́kasí pàápàá ní ìdí tó yàtọ̀ síra. Pépà Oliver Lowry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí bí a ṣe ń wọn protein, tó jáde ní 1951, ní ìtọ́kasí tó ju 300,000 lọ, nítorí pé ọ̀nà ìṣiṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì lò ó á dárúkọ rẹ̀. Engvall àti Perlmann gbé ELISA, ọ̀nà tí wọ́n fi ń wá àńtíbọ́dì tàbí protein nínú ẹ̀jẹ̀, jáde ní Sweden ní 1971. Bí o bá dé láàbù ilé ìwòsàn èyíkéyìí lónìí, wàá bá kíìtì rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tó ń lò ó kò dárúkọ wọn mọ́. Wo pépà dókítà Andrew Wakefield ti 1998 tó so abẹ́rẹ́ àjẹsára MMR (ti èèyi, ṣegede àti rubella) pọ̀ mọ́ autism, ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà, tí Lancet fagi lé ní 2010. Ìtọ́kasí rẹ̀ pọ̀ jọjọ, púpọ̀ nínú wọn sì ń sọ pé kò tọ̀nà ni. Pépà tó kàn kó iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn jọ náà máa ń rí ìtọ́kasí ju èyí tí wọ́n ṣe ní láàbù lọ. Annual Review of Immunology tó bẹ̀rẹ̀ ní 1983, irú pépà bẹ́ẹ̀ nìkan ló ń gbé jáde, ìdí nìyẹn tí impact factor rẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba ìtọ́kasí tí pépà jọ́nà ń rí, fi máa ń ga.

Wá wo iṣẹ́ tí ẹni 11 ń ṣe. Àwọn ìwádìí kan ti fi hàn pé aràn inú lè dín bí ara ṣe ń dáhùn sí àjẹsára bíi BCG (ti ikọ́ ẹ̀gbẹ) kù. Kí èèyàn tó lè yẹ èyí wò lágbègbè wa, ó ní láti lọ sí àwọn abúlé ọ̀nà Ìrẹsàadú tàbí Ajáàwá, kó bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi gbà, kó gba ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ, kó tún padà lọ bá àwọn ọmọ kan náà lẹ́yìn òjò àti lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn. Òkè òkun ni àńtíbọ́dì tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ti ń bọ̀, nínú òtútù, bó bá sì pẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ó ti bàjẹ́. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú fírísà tó tutù dé −80°C. Bí iná bá lọ lóru, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jí tan jẹnẹrétọ̀, kí dísù sì wà nínú rẹ̀. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti da àpẹẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ọdún méjì nù nítorí òpin ọ̀sẹ̀ kan tí kò sí dísù, ẹkún gidi la sun níbẹ̀. Pépà kan tó bá ti inú irú wàhálà yìí jáde, inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lágbàáyé kò sì pọ̀, báwo ni ìtọ́kasí rẹ̀ ṣe máa dà bí ti àrùn jẹjẹrẹ?

Ìṣòro ìgbéga náà wà níbẹ̀. Wọ́n ń béèrè jọ́nà òkè òkun lọ́wọ́ olùkọ́, àwọn onígbàjúẹ̀ sì mọ̀. Wọ́n á fi ímeèlì pè ọ́, wọ́n á gba dọ́là, wọ́n á ní pépà rẹ ti yege láàárín ọjọ́ díẹ̀. Jọ́nà kan tí wọ́n gbé pépà tèmi sí ti kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá, ẹnikẹ́ni ò lè rí i tọ́ka sí mọ́. Bí o bá rí irú jọ́nà bẹ́ẹ̀ léraléra nínú àkọsílẹ̀ ẹnì kan láàárín ọdún tó ṣáájú ìgbéga rẹ̀, ó yẹ kó o fura. Impact factor jọ́nà náà kò sì tó láti fi dájọ́ ènìyàn, ìpíndọ́gba ìtọ́kasí ọdún méjì ni, pépà díẹ̀ ló sì ń gbé ìyókù. Ìkéde DORA, lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa yẹ ìwádìí wò, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní San Francisco ní oṣù kejìlá 2012 sọ ọ́ kedere pé kí wọ́n má fi í wọn olùwádìí.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Ṣí àkọsílẹ̀ àwọn méjèèjì, kí o wá pépà tí orúkọ wọn wà ní ìkẹyìn tí akẹ́kọ̀ọ́ wọn sì ṣáájú. Wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn rí: ṣé wọ́n parí, ibo ni wọ́n wà báyìí, ta ló ra kẹ́míkà tí wọ́n lò? Tẹ iye ìtọ́kasí tó wà lábẹ́ pépà kọ̀ọ̀kan, kí o wo bóyá òun fúnra rẹ̀ ló ń tọ́ka sí ara rẹ̀ tàbí láàbù mìíràn ló mú àbájáde rẹ̀ lò. Bí o kò bá rí odidi pépà kà, béèrè Hinari, ètò tó ń jẹ́ kí a rí jọ́nà ìṣègùn kà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú, lọ́wọ́ àwọn onílàíbúrárì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló dá a sílẹ̀ ní 2002 fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa. Ka mẹ́ta nínú pépà ẹni 11 tán pátá, kó wọn dání lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, kí o sì bi í léèrè ohun tó kù tí òun fẹ́ mọ̀ lórí àwọn ọmọ abúlé yẹn tí owó tàbí iná kò tíì jẹ́ kó ṣe.