Abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú: ṣé kí n lọ gún un?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, físíò wa tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé. Télọ̀ ni mí ní Òṣogbo, ọmọ ọdún 57. Ó ti lé lóṣù mẹ́ta tí èjìká ọ̀tún ti ń dùn mí dé ọrùn. Orúnkún òsì náà ń ro mí bí mo bá fẹ́ dìde nídìí máṣíìnì. Ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní wọ́n gún òun ní abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú, ara sì tu òun. Ẹnìkan ládùúgbò wa ní òun náà ń ṣe é. Ṣé gbẹ́rẹ́ ni? Ṣé kí n lọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Dry needling ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe gbẹ́rẹ́, a kì í sín ara, a kì í fi nǹkankan ra á. Kò sì jọ èyí tí nọ́ọ̀sì ń gún yín, torí abẹ́rẹ́ yìí kò ní ihò nínú rárá. Ó tín-ín-rín gan-an, bíi mìlímítà 0.25 sí 0.30.

Ẹni tó bá tẹrí sórí máṣíìnì láti àárọ̀ dalẹ́, iṣan tó so ọrùn mọ́ èjìká rẹ̀ á le, á ní kókó. Ẹ tẹ kókó náà, ìrora rẹ̀ lè gun orí lọ. Òun la ń fi abẹ́rẹ́ wá. Tẹ́lẹ̀, oògùn amáratòògbé ni àwọn dókítà ń gún síbẹ̀, kí Karel Lewit, dókítà ará Czechoslovakia, tó kọ ọ́ ní 1979 pé gígún náà fúnra rẹ̀ ń dín ìrora kù. Nígbà tí mo ń kọ́ ọ, wọ́n gún èmi náà. Iṣan èjìká mi ta kìjí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹja tó gbé ìwọ̀ mì. Ó ro mí di ọjọ́ kejì bí ẹni tó gúnyán àsè, lẹ́yìn náà ni ọrùn mi wá ń yí dáadáa.

Nítorí náà, ó lè ran èjìká yín lọ́wọ́. Àmọ́ ìtura náà kì í sábà pẹ́. Àsìkò tí ara bá tù yín yẹn ni kí ẹ fi máa ṣe eré ìdárayá tí físíò bá kọ́ yín, kí ẹ sì gbé tábìlì máṣíìnì yín ga díẹ̀ kí ọrùn má baà tẹ̀ púpọ̀ mọ́.

Ti orúnkún yàtọ̀. Bó bá jẹ́ pé oríkèé ló ti ń jẹ, abẹ́rẹ́ ò lè dá ohun tó ti jẹ padà. Iṣan itan ni kí ẹ fún lágbára: ẹ máa jókòó sórí àga, kí ẹ dìde láìfọwọ́ ti nǹkan, ìwọ̀nba tí ara yín bá gbà, lójoojúmọ́.

Ẹni àdúgbò yín yẹn ló ń kọ mí lóminú. Ẹ̀dọ̀fóró kò jìnnà sábẹ́ iṣan èjìká. Abẹ́rẹ́ tó bá wọlé jù lè lu ú, afẹ́fẹ́ á tú sínú àyà. Ẹni tí wọ́n gún, tí èémí rẹ̀ wá ń há, tí àyà ń dùn ún, ilé ìwòsàn ni kó sáré lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ béèrè ibi tó ti kọ́ṣẹ́ àti ìwé àṣẹ rẹ̀. Láti 1966 ni wọ́n ti ń kọ́ni ní físíò ní Yunifásítì Ìbàdàn, a pọ̀ nílẹ̀. Bí ẹ bá ń lo warfarin tàbí oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó fẹ́ gún yín.

Ojú yín ni kó ti tú abẹ́rẹ́ tuntun nínú ọ̀rá rẹ̀, ojú yín ni kó ti jù ú nù, torí mẹ́dọ̀wú àti HIV. Bó bá ní òun á fi spirit nù ún fún ẹni tó kàn, Màmá, ẹ gbé báàgì yín kí ẹ máa lọ sílé.