Bí DNA ọmọ iṣẹ́ mi bá jáde lára àgádágodo, ṣé òun ni olè?

ÌBÉÈRÈ

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo wà, fóònù ni mo ń tà. Lóru ọjọ́ Àìkú tó kọjá, àwọn olè gé àgádágodo ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n sì kó àwọn fóònù tuntun lọ. Àgádágodo tí wọ́n gé ni mo bá nílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àwọn aládùúgbò ti pé lé e lórí kí n tó dé, oníkálukú ń mú un wò. Ọlọ́pàá tó wá yẹ ibẹ̀ wò ní àwọn máa gbé e lọ fún àyẹ̀wò DNA, pé ẹni tí DNA rẹ̀ bá jáde, òun ni olè. Ọmọ iṣẹ́ méjì ló ń bá mi ṣí ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó kéré nínú wọn ni ọkàn ọlọ́pàá ń lọ sí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ni. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí ó bá jẹ́ DNA tirẹ̀ ló jáde, ṣé òun ló jalè náà nìyẹn? Kí ni kí n sì ṣe sí àgádágodo yìí? Mo ti fi sínú ọ̀rá, mo so ó pa.

ÌDÁHÙN

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú àdánù. Ọlọ́run á fi èyí tó pọ̀ jù ú lọ dípò. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba àgádágodo náà là. Ẹ pe ọlọ́pàá tó ń ṣe ìwádìí yín lónìí, kí ẹ sọ fún un pé inú ọ̀rá ló wà, kí ó wá gbé e tàbí kí ó fọwọ́ sí i pé kí ẹ yọ ọ́. Bí ẹ̀yin lẹ máa yọ ọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tuntun, ẹ má sọ̀rọ̀ lé e lórí, ẹ má wúkọ́ sí i, kí ẹ rọra sún un bọ́ sínú àpòòwé pépà tuntun. Ọ̀rá máa ń há omi àti ooru mọ́ nǹkan lára. Níbi tí ọ̀rinrin bá wà, èbu á hù, àwọn kòkòrò àìfojúrí á pọ̀ sí i, wọ́n á sì jẹ DNA tí à ń wá, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ tó wà nínú ara oníkálukú. Pépà ní tirẹ̀ máa ń jẹ́ kí nǹkan gbẹ. Ẹ má sọ ọ̀rá náà nù, torí ohun tó bọ́ kúrò lára irin lè ti lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Ẹ fi òun náà sínú àpòòwé tirẹ̀.

Ó wá kan ìbéèrè yín gan-an. Rárá. Bí DNA ọmọ yín bá jáde lára àgádágodo tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí láràárọ̀, ohun tí a retí ló jáde yẹn. Ìbéèrè kan ni àyẹ̀wò DNA mọ̀ ọ́n dáhùn dáadáa: ti ta ni èyí? Kò mọ ọjọ́ tó débẹ̀. Kò mọ ọ̀nà tó gbà débẹ̀. Kò mọ ohun tí ẹni náà ń ṣe nígbà tó fi í síbẹ̀. Àárọ̀ Sátidé tí ọmọ yín ṣí ṣọ́ọ̀bù àti òru Àìkú tí olè wá, bákan náà ni wọ́n rí lójú ẹ̀rọ wa.

Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà wúlò sí, ṣùgbọ́n nínú láàbù, ìyẹn ilé àyẹ̀wò, òun gan-an ni àṣìṣe tí à ń sá fún. Pé nǹkan méjì bá ara wọn níbì kan kò fi hàn pé ọ̀kan ló fa èkejì.

Nígbà tí Alec Jeffreys, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, rí ọ̀nà láti fi DNA dá èèyàn mọ̀ ní Leicester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1984, ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara tó hàn sójú ni wọ́n nílò. Ní 1997, Roland van Oorschot àti Maxwell Jones ní Ọsirélíà gbé ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé nǹkan tí èèyàn kàn fọwọ́ mú lásán náà ń gba DNA rẹ̀ sára. Wọ́n tún rí i pé DNA lè ti ara nǹkan bẹ́ẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Látìgbà náà ni ẹ̀rọ ti ń lágbára sí i. Lónìí, sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ègé tíntín tí ara èèyàn pín sí, tí kò ju bí ogún lọ lè tó fún wa láti ka nǹkan jáde. Ohun rere ni, torí a ń mú ọ̀daràn tí a kì bá tí rí mú. Ṣùgbọ́n bí ojú ẹ̀rọ ṣe ń mú sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí ìdọ̀tí tí kò kan ọ̀ràn náà rárá.

Ní 2016, Cynthia Cale àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of Indianapolis ní kí àwọn èèyàn bọ ara wọn lọ́wọ́ ní méjì méjì fún ìṣẹ́jú méjì, lẹ́yìn náà kí oníkálukú mú ọ̀bẹ kan dání. Bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọ̀bẹ náà ló gbé DNA ẹni tí kò fọwọ́ kàn án rí. Nínú ìdá kan lára márùn-ún àwọn ọ̀bẹ náà, ẹni tí kò fọwọ́ kàn án yìí gan-an ni DNA rẹ̀ pọ̀ jù tàbí tó dá wà níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ìṣẹ́jú méjì pọ̀ ju bí àwa ṣe ń bọ ara wa lọ́wọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ṣọ́ọ̀bù yín: oníbàárà mú fóònù wò, ó gbé e fún ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ gba owó, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó ti ilẹ̀kùn. Èèyàn mélòó ló ti gba ara ọwọ́ kan ṣoṣo kọjá sára àgádágodo yẹn? Ní 2024, àwọn olùwádìí ní Flinders University ní Ọsirélíà tilẹ̀ rí DNA àwọn tó ń lo yàrá lára ẹ̀rọ amúlétutù inú yàrá náà.

Ọ̀ràn kan wà tí mo máa ń sọ níbikíbi tí wọ́n bá ti pè mí láti bá àwọn ọlọ́pàá sọ̀rọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, àwọn adigunjalè wọ ilé ọlọ́rọ̀ kan ní Monte Sereno, nítòsí San Jose ní Califọ́níà. Wọ́n dè é, wọ́n fi téèpù dí i lẹ́nu, ọkùnrin náà sì kú. Nígbà tí wọ́n yẹ abẹ́ èékánná olóògbé wò, DNA tí wọ́n rí níbẹ̀ jẹ́ ti ọkùnrin aláìnílé kan ní San Jose, ẹni tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ìjọba tẹ́lẹ̀. Abẹ́ èékánná! Ta ló gbọ́ ọ tí kò ní sọ pé olóògbé ló ń bá a jà kó tó kú? Wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án, ẹ̀sùn tó lè la ikú lọ. Òun fúnra rẹ̀ kò lè ṣẹ́ ẹ gbọnyin, torí ó ti mu ọtí yó débi pé kò rántí ibi tó wà lóru ọjọ́ náà. Agbẹjọ́rò rẹ̀ ló wá lọ tú ìwé ilé ìwòsàn. Ọtí ni wọ́n bá a tó ti gbé e ṣubú lálẹ́ yẹn, ọkọ̀ aláìsàn gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, orí bẹ́ẹ̀dì ló sì wà ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń pa olóògbé.

Báwo wá ni DNA rẹ̀ ṣe rìn débẹ̀? Àwọn òṣìṣẹ́ méjì tó wà nínú ọkọ̀ aláìsàn yẹn náà ni wọ́n pè sí ilé olóògbé ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohun tí wọ́n gbà pé ó ṣeé ṣe jù ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka aláìsàn láti mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: wọ́n há a sí ìka ti àkọ́kọ́, wọ́n tún há a sí ìka ti èkejì. Bí oṣù márùn-ún ni ọkùnrin náà lò ní àtìmọ́lé kí wọ́n tó dá a sílẹ̀.

DNA kan náà ló sì mú àwọn tó jẹ̀bi. Lára téèpù àti ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ilé ni wọ́n ti rí tiwọn. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ dáadáa, nítorí òun ni màá fi dáhùn ọ̀rọ̀ tiyín: téèpù àwọn adigunjalè jẹ́ nǹkan tí àwọn fúnra wọn gbé wá. Ẹni tí DNA rẹ̀ wà lára rẹ̀ ní àlàyé láti ṣe.

Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá pé kí ni olè gbé wá tàbí fi sílẹ̀. Ṣé irinṣẹ́ tí wọ́n fi gé irin bọ́ sílẹ̀? Ṣé gíláàsì ya ẹnì kan lọ́wọ́? Ẹ̀jẹ̀ tútù lára gíláàsì tó fọ́ lóru yẹn lágbára ju sẹ́ẹ̀lì ọwọ́ ogún lára àgádágodo lọ, torí ẹ̀jẹ̀ kì í ṣèèṣì bá ìbọ̀wọ́lọ́wọ́ lọ síbi tó tó bẹ́ẹ̀. Bí DNA àlejò tí kò ní iṣẹ́ kankan ní ṣọ́ọ̀bù yín bá jáde níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ tó jáde lára àgádágodo iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan. Ohun kan náà sì ni bí kò bá jáde: àwọn kan wà tí ara wọn kì í fi nǹkan púpọ̀ sílẹ̀, olè náà sì lè ti wọ ìbọ̀wọ́, nítorí náà àìjáde rẹ̀ nìkan kò wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù nínú lẹ́tà yín ni pé ọkàn ọlọ́pàá ti ń lọ sí ẹnì kan kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀. Àgádágodo tí gbogbo àdúgbò ti mú wò, DNA àdàlù ló máa wà lára rẹ̀, ti ẹni mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kíka àdàlù le, ìrònú èèyàn sì máa ń wọ inú rẹ̀. Ní 2011, àwọn olùwádìí méjì, Itiel Dror àti Greg Hampikian, mú àbájáde àdàlù kan láti inú ẹjọ́ gidi kan ní Amẹ́ríkà, níbi tí láàbù ti sọ pé a kò lè yọ afurasí kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n fi han ògbógi 17 tí wọn kò sọ ìtàn ẹjọ́ náà fún. Ẹnì kan péré ló gbà pẹ̀lú láàbù náà. Àwọn 4 ní kò ṣeé sọ. Àwọn 12 ní afurasí náà kò sí níbẹ̀. Bébà kan náà ni gbogbo wọn wò! Nítorí náà, ẹ bẹ ọlọ́pàá kí wọ́n má kọ ọ́ ránṣẹ́ sí láàbù pé lágbájá ni àwọn ń fura sí. Láàbù kò nílò rẹ̀.

Kí wọ́n gba itọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbogbo ẹni tó fọwọ́ kàn án, kì í ṣe ti ọmọ yìí nìkan, kí wọ́n lè dá DNA tiwọn mọ̀ yàtọ̀ sí ti àlejò. Àwọn ará Jámánì rí bí ìyẹn ṣe ṣe pàtàkì tó. Wọ́n pa ọlọ́pàábìnrin kan ní Heilbronn ní 2007, DNA obìnrin kan sì jáde níbẹ̀, DNA tó ti ń jáde ní ibi ọ̀ràn bí ogójì ní Jámánì, Ọ́sítríà àti Faransé. Wọ́n wá obìnrin náà títí di 2009, kí wọ́n tó rí i pé òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń di òwú tí wọ́n fi ń nu ibi ọ̀ràn ni. Wọ́n ti pa kòkòrò ara òwú náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n pípa kòkòrò kò pa DNA rẹ́.

Ẹ má torí èyí bẹ̀rù àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n lo DNA nínú ẹjọ́ ìpànìyàn, ní agbègbè Leicester kan náà ní 1986, ọmọ ọdún 17 kan ti jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá pé òun pa ọmọbìnrin kan. Àyẹ̀wò fi hàn pé kì í ṣe òun. Ìgbà tó di 1988 ni wọ́n dá Colin Pitchfork lẹ́bi, ẹni tó pa ọmọbìnrin náà àti èkejì tó ti pa ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ àpòòwé tí mo ní kí ẹ yára ṣe kì í ṣe àṣejù. Ìjọba Èkó ṣí ilé àyẹ̀wò DNA rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2017, ṣùgbọ́n wọ́n bà á jẹ́ nínú rògbòdìyàn oṣù kẹwàá 2020. Àgádágodo yín lè dúró pẹ́ kó tó kan ẹ̀rọ.

Bí ó bá jẹ́ tèmi ni, nọ́ńbà IMEI, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá fóònù kọ̀ọ̀kan mọ̀, ni màá kọ́kọ́ sá lé. Oní-díjíìtì 15 ni, ó wà lára páálí fóònù kọ̀ọ̀kan àti lórí ìwé tí ẹ fi ra ọjà. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ fún ọlọ́pàá lónìí. Fóònù tí wọ́n bá tàn lè tọ́ka sí ibi tó wà, àgádágodo kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ládùúgbò bá ní kámẹ́rà, ẹ ní kó tọ́jú ti òru yẹn kí òmíràn tó gorí rẹ̀. Bí wọ́n bá mú ọmọ náà, ẹ wá lọ́yà. Òfin ilẹ̀ wa, abala 35, ní kí wọ́n gbé e dé kọ́ọ̀tù láàárín ọjọ́ kan bí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín kìlómítà ogójì, tàbí ọjọ́ méjì bí ó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹjọ́ bá délé ẹjọ́, kí lọ́yà bi ògbógi tó bá wá jẹ́rìí léèrè pé: ọ̀nà mélòó ni DNA yìí lè gbà débẹ̀ yàtọ̀ sí olè jíjà?

Ní alẹ́ òní, ẹ jókòó, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó mú àgádágodo náà dání láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé, pẹ̀lú àkókò tí wọ́n mú un, kí ẹ tó gbàgbé. Ẹ kọ ọmọ iṣẹ́ méjèèjì, ẹ kọ àwọn aládùúgbò, ẹ kọ ọlọ́pàá náà bí kò bá wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ kọ orúkọ tiyín náà, torí ẹ̀yin lẹ dì í sínú ọ̀rá.