Ìró ìlù láìsí ìlù nínú orin kọ́ńtírì: a dáhùn ìbéèrè yín

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú "I Walk the Line" tí Johnny Cash gbé jáde ní 1956, mo ń gbọ́ nǹkan kan tó ń ró ṣàkà-ṣàkà bíi snare (ìlù kékeré tó ní wáyà lábẹ́), bẹ́ẹ̀ wọ́n ní kò sí onílù níbẹ̀. Mo fi snare inú kọ̀ǹpútà gbìyànjú rẹ̀, kò jọ ọ́ rárá. Kí ni wọ́n fi ṣe é? (Onígìtá, Abẹ́òkúta)

Lóòótọ́ ni, kò sí onílù níbẹ̀. Cash, Luther Perkins tó ń ta gìtá iná, àti Marshall Grant tó ń ta béèsì ni wọ́n jọ ṣe é ní sítúdíò Sun ní Memphis. Bébà ni Cash kì bọ àárín okùn gìtá rẹ̀. Bó ṣe ń ta okùn ni bébà ń gbọ̀n mọ́ ọn, ó ń le bí ọwọ́ bá le, ó ń rọ̀ bí ọwọ́ bá rọ̀. Snare kọ̀ǹpútà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí ọ̀tọ̀ ni òun, ọ̀tọ̀ ni gìtá.

Ẹ gé bébà A4 lásán ní gígùn sẹ̀ńtímítà 15, ìbú 5. Ẹ ṣẹ́ ẹ po ní òòró kí ìbú rẹ̀ di 2.5. Ẹ wá kì í bọ okùn bí ẹni ń hun ẹní: lórí okùn kẹfà, lábẹ́ ìkarùn-ún, lórí ìkẹrin, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé èkíní. Ẹ fà á sún mọ́ bridge (igi orí ikùn gìtá tí ìdí okùn so mọ́), kó ku bíi sẹ̀ńtímítà 3 sí 5. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Okùn kì í gbọ̀n púpọ̀ nídìí bridge, nítorí náà bébà tó bá fẹnu kàn án kò ní fọhùn. Bí ẹ bá tún fà á lọ sápá àárín okùn, ibi tó ń gbọ̀n jù lẹ dì mú yẹn, ohùn gìtá á kú pátápátá.

Pátákó páálí máa ń pa ohùn. Tíṣù kì í ró. Àwọn kan máa ń sọ pé dọ́là ni Cash lò, ẹlòmíràn á sì fẹ́ fi náírà dán an wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é: òfin CBN ti 2007 ka bíba náírà jẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀, N20 oní-ọ̀rá kì í sì í dún bíi bébà.

Ẹ máa ka orin ní mẹ́rin-mẹ́rin. Àtàǹpàkò ni kó máa ta okùn béèsì ní ìkà kìíní àti ìkẹta, jẹ́jẹ́. Kí ọwọ́ wá gbá okùn mẹ́ta tó tínrín ní ìkejì àti ìkẹrin, kó le díẹ̀. Bí ẹ bá gbá gbogbo okùn bákan náà, ṣàkà-ṣàkà á wà níbi gbogbo, kò ní sí snare mọ́. Ẹ kọ máìkì sí ibi tí ọrùn gìtá ti pàdé ikùn rẹ̀, ní sẹ̀ńtímítà 20 sí 30. Tó bá dojú kọ ihò gìtá, ìró ńlá inú ihò á bo bébà mọ́lẹ̀. Bébà tí òógùn ti rẹ̀ kò wúlò mọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Irin wo ni mo lè fi ṣe ìró hámà tó ń lu irin nínú "Big Bad John" ti Jimmy Dean? (Ọmọ Wẹ́dà, Ìbàdàn)

Orin 1961 ni. Floyd Cramer, tí wọ́n pè wá tẹ dùùrù, ló dábàá hámà àti irin dípò rẹ̀. Ẹ gé ọ̀pá irin oní 16 mílímítà, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń lò, ní gígùn sẹ̀ńtímítà 40. Ẹ fi okùn tínrín so ó kọ́ ní ojú méjì, sẹ̀ńtímítà 9 sí orí kọ̀ọ̀kan. Ojú méjèèjì yẹn ni irin kì í ti í gbọ̀n, torí náà okùn kò ní pa ohùn rẹ̀. Ẹni tó bá gbé e lé tábìlì á gbọ́ "kọ̀" lásán.

Ẹ lu àárín fún ohùn tó mọ́, orí fún èyí tó gbóná létí. Bí ẹ bá gé irin náà sí ìdajì, ohùn á ga ní ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn ókítéèfù méjì. Nítorí náà ẹ máa gé e díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé máìkì jìnnà tó mítà kan, kí àmì tó ń fi bí ohùn ṣe le hàn lórí ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ má kọjá -12 dB. Fóònù kò dára fún èyí: bí hámà bá ti balẹ̀, fóònù á rẹ gbogbo ohùn yòókù sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé èékánná Dolly Parton wà nínú "9 to 5"? (Adéọlá, Ìkẹjà)

Òótọ́ ni. Orin 1980 yẹn, èékánná àkirílíìkì rẹ̀ ló ń fi họra kí ó lè dún bíi táípúráítà, wọ́n sì kọ ọ́ sára àwo pé òun ló ṣe èékánná. Ẹ má kan án mọ́ra. Ẹ fi èékánná ọwọ́ kan gba orí ti ìkejì kọjá kíákíá, lọ àti bọ̀. Èyí tí wọ́n fi gúlúù lásán lẹ̀ máa ń tínrín, ohùn rẹ̀ kì í mú, ó sì máa ń ṣí kúrò. Sẹ̀ńtímítà 10 ni kí máìkì wà. Ohùn rẹ̀ kéré, ẹ ó ní láti ṣí máìkì gan-an, nítorí náà ẹ pa fáànù àti AC, kí ẹ sì gé gbogbo ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lábẹ́ 300 Hz dànù. Ẹni tí kò fẹ́ èékánná lè fi eyín kóòmù ike méjì gba ara wọn kọjá. Ó sún mọ́ ọn ju èyí tí kọ̀ǹpútà ń gbé jáde lọ.